Àmì-Ẹ̀yẹ Ọba Tí Mo Gbà Lórí Fóònù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ti ka ìtàn obìnrin tó gba ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ sì ti ka ti ọkùnrin tó ta ilẹ̀ ẹbí mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lórí. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Oríire àbúrò mi ni mo gbé wọ̀ bí ẹ̀wù, mo sì ń yan kiri ìlú nínú rẹ̀, títí rédíò fi bọ́ ọ lọ́rùn mi níṣojú gbogbo ayé.

Orúkọ mi ni Thirza Carveth. Porthcarrow ni mo ń gbé, létí òkun Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀ fún èmi àti Loveday àbúrò mi. Àwa méjèèjì kò lọ́kọ. Àwa méjèèjì la sì ń kọ ewì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Ìwé ewì mẹ́fà ni mo ti tẹ̀ jáde. Àpò ara mi ni mo fi tẹ gbogbo wọn, nítorí àwọn atẹ̀wétà ayé òde òní kò mọ ohun tó dára. Loveday ní méjì péré. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Edinburgh ló bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà fún wọn. Kẹ́mísírì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bó bá kọ ewì kan tán, inú dúrọ́ọ̀ ló ń sọ ọ́ sí, ó di ọdún kan kó tó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo máa ń sọ fún un pé, "Loveday, ewì kì í ṣe wàràkàṣì. Kò dìgbà tó bá pẹ́ nílẹ̀ kó tó dùn."

Á rẹ́rìn-ín, á mú táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀, á lọ lúwẹ̀ẹ́ lókun. Òjò ni o, òtútù ni o, kò sí àárọ̀ tí kì í lọ.

Èmi sì ni alága Ẹgbẹ́ Akéwì Porthcarrow. Kí n má parọ́ ipò náà fún yín: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti dìbò pé alága kò gbọdọ̀ ka ewì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún nípàdé. Wọn kò dárúkọ mi. Àmọ́ alága kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni fóònù ilé dún. Loveday wà lókun. Èmi ni mo gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé Miss Carveth ni?" Ohùn ọkùnrin ni, ó mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Òun ni."

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ wà lórí ìjókòó?"

Àwo tí mo ń fọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ti jókòó.

"Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Àmì-Ẹ̀yẹ Wúrà Ọba fún Ewì ni mo ti ń pè yín. Ẹ̀yin la yàn lọ́dún yìí, Kábíyèsí sì ti fọwọ́ sí i. Ohun tó kù ni ká mọ̀ bóyá ẹ máa gbà á."

Àwo bọ́ sínú omi.

Kò sí akéwì nílẹ̀ wa tí kò mọ àmì-ẹ̀yẹ yìí. Láti ayé Ọba George Karùn-ún ni wọ́n ti ń fún ènìyàn, àwọn ọdún kan sì wà tí wọ́n á wo gbogbo wa látòkèdélẹ̀, tí wọ́n á ní kò sẹ́ni tó tọ́ sí. Kì í ṣe nítorí wúrà rẹ̀ la ṣe ń lé e, kò tóbi ju bisikíìtì lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó dé adé yóò dá iṣẹ́ ìjọba dúró nítorí ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀. Fún àwa tí aládùúgbò máa ń bi pé, "Iṣẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ń ṣe gan-an?", oògùn ẹ̀dùn ọkàn ni.

"Mo gbà á," ni mo wí, kó tó tún inú rò.

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ìwé yín yẹn, *Iyọ̀ Lára Fèrèsé*, abẹ́ ìrọ̀rí ni ìyàwó mi fi sí ní gbogbo ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá a."

*Iyọ̀ Lára Fèrèsé*. Èmi kò kọ ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Loveday ló kọ ọ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi lẹ ń wá. Ẹ tún pè tó bá di wákàtí kan sí i." Ọ̀rọ̀ náà kò wúwo. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ni ojú mi bá bọ́ sórí pẹpẹ tí ìwé mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sí. Ẹ̀dà tó kù nílẹ̀ pọ̀ débi pé a fi díẹ̀ gbé ẹsẹ̀ tábìlì kan ró. Ẹnu mi padé.

"Ìyàwó yín mọ ohun tó dára," ni mo wí.

"Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni títí rédíò yóò fi kéde rẹ̀. A kú oríire o, Miss Loveday."

Ọlọ́run tún ṣílẹ̀kùn fún mi lẹ́ẹ̀kejì kí n gba ibẹ̀ jáde. Mo rọra ti ilẹ̀kùn náà padà. Mo ní, "Ẹ ṣeun púpọ̀."

Loveday wọlé, omi ń kán nírun rẹ̀, imú rẹ̀ pupa.

"Ta ló pè?"

"Àwọn tó ń ta fèrèsé ni."

"Àwọn yẹn kì í sinmi," ló wí, ó lọ gbé omi tíì kaná.

Ẹ má rò pé mo jókòó mo sì pète ibi. Ọ̀rọ̀ olè tó gbọ́n kọ́ nìyí. Ńṣe ni mo ń bá ara mi rojọ́ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, mo sì ń dá ara mi láre. Mo ní ìwé mẹ́fà, òun ní méjì. Mẹ́fà ju méjì lọ, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ èmi gan-an ni ìgbìmọ̀ ní lọ́kàn, tí ọkùnrin náà wá ṣi orúkọ ìwé pè. Ẹni tó bá sì lè ṣi orúkọ ìwé pè, ṣé kò lè ṣi orúkọ ènìyàn pè? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti ń káàánú ọkùnrin náà pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé tó.

Àṣìṣe mi kejì ni pé mo sọ fún ẹnì kan. Ẹni náà ni Petrok Nance, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin tó máa ń sunkún bí ewì bá ti mẹ́nu ba ẹyẹ.

"Petrok, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta."

"Thirza, ẹnu mi ti kú."

Ẹnu Petrok jíǹde kó tó dé ilé ara rẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Bolitho láti ra búrẹ́dì, ó ti dúró lẹ́yìn káńtà, ó ṣí fìlà. Bolitho ló ń ṣe páì ẹran tó dùn jù ní Porthcarrow, òun náà sì ni alága ìgbìmọ̀ ìlú. Mo ti bẹ̀ ẹ́ rí kó bá mi ta ìwé mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní eku máa ń tẹ̀ lé bébà wọlé.

"Miss Carveth," ló wí lójú gbogbo oníbàárà, "mo ti ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi látọjọ́ pípẹ́ pé nǹkan ń bẹ lára obìnrin yìí."

"Kí lẹ gbọ́?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Àṣírí ni. Ẹ gba páì yìí, mo ti fún un lórúkọ. Páì Akéwì Ọba ló ń jẹ́."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ohun tó ti máa ń wà nínú rẹ̀ náà ni. Orúkọ ló yí padà."

Báyìí ni ayé mi ṣe dùn. Àlùfáà wa, Ìyáàfin Uglow, gbé ìjókòó mi láti ẹ̀yìn òpó wá síwájú pátápátá. Ẹgbẹ́ Akéwì pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n fagi lé òfin ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní kí n ka wákàtí kan. Mo ka wákàtí kan àtààbọ̀. Àwọn tí wọ́n máa ń yọ́ jáde bí mo bá dìde jókòó gbári, wọ́n ń mi orí. Petrok sunkún, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kankan kò sí nínú ewì náà.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ewì wo ni ọba rí tó fi yàn mí. Èyí yà mí lẹ́nu, ó sì tù mí lára.

Ọ̀rọ̀ dé etí Loveday nígbà tó lọ ra ẹja. Ó sáré wọlé, kò tíì bọ́ bàtà.

"Thirza, ṣé òótọ́ ni? Wọ́n ní ọba fẹ́ fún ọ ní wúrà."

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Àwa méjì péré la wà nínú ilé. Mo wo ojú rẹ̀, ayọ̀ tó wà níbẹ̀ kò lábàwọ́n rárá. Mo ní, "Wọ́n ní n má sọ ni."

Ó dì mọ́ mi. Ó sunkún sí èjìká mi. "Ó tọ́ sí ọ," ló wí. "O ò dákẹ́ rí. Èmi ìbá ti jáwọ́ tipẹ́."

Ó wọ yàrá lọ, ó mú ẹ̀gbà ọrùn ìyá wa jáde. Loveday ni ìyá wa fún. Èmi ni mo ti ń wò ó láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wa, tí n kò sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni kó wọ̀ ọ́ lọ sí ààfin. Máa tọ́jú ẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Kò yẹ ọrùn tèmi, iyọ̀ òkun á bà á jẹ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo gbà á. Mo ní kó bá mi dè é lẹ́yìn ọrùn.

Lẹ́yìn náà ló kù kí n mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọba. Kíkúnlẹ̀ tiwa kì í dé ilẹ̀, ààbọ̀ ni: ẹsẹ̀ kan á lọ sẹ́yìn, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, èèyàn á tún nà ró láìdi ohunkóhun mú. Orúnkún mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Loveday ló kọ́ mi. Ó jókòó sórí àga ìdáná, ó fi ìbòrí ìkòkò tíì dé orí bí adé, ó na ọwọ́ sí mi.

"Sún mọ́ mi, akéwì."

Mo tẹ orúnkún. Orúnkún ké gbàù. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Tirẹ̀ ni omijé ẹ̀rín. Tèmi, n kò lè sọ irú èyí tó jẹ́.

Ojoojúmọ́ ni mo ń ní màá sọ fún un. Bó bá di àsìkò oúnjẹ, màá ní jẹ́ kó jẹun tán. Bó bá jẹun tán, màá ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá jí, ó ti lọ lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó fẹ́ sọ òtítọ́ kì í wá àyè fún un, àmọ́ ẹni tó ń sá fún un, àyè kì í gbà á rárá.

Ọkùnrin ìgbìmọ̀ tún pè. Loveday wà nídìí ẹ̀wù tó ń rán fún mi, nínú yàrá tó kángun síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Miss Loveday, wọ́n fẹ́ ka ewì yín kan lórí rédíò lọ́jọ́ ìkéde. Èwo lẹ fẹ́?"

N kò mọ orúkọ ewì kan ṣoṣo nínú ìwé náà. Ó ti wà nílé wa láti ọdún mélòó kan, Loveday fúnra rẹ̀ ló fún mi ní ẹ̀dà kan. Mo ti fi gbé ìkòkò òdòdó.

"Èyí tó bá wù yín," ni mo wí wúyẹ́wúyẹ́.

"A ti ń ro 'Ẹ̀gbọ́n'."

"Ẹ̀gbọ́n náà dára."

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Mo sọ fún Loveday pé fóònù ti bàjẹ́. Ó ní ká pe àwọn tó ń tún un ṣe. Mo ní mo ti pè wọ́n. Ó ní fóònù wo ni mo fi pè wọ́n. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Bolitho ti pinnu pé ìlú yóò pé jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ ìkéde, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ pa pọ̀. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí, n kò ní lè wá.

"Ẹ kò ní sọ̀rọ̀," ni Bolitho wí. "Rédíò ló máa sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ kéèkì ló wá fa ìjà. Àlùfáà Uglow ti lọ kà nípa àmì-ẹ̀yẹ náà, ó sì rí i pé ère ọba ló wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Òtítọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀: obìnrin kan tó ń jáde bọ̀ látinú kànga, tó gbé iná lọ́wọ́, tí kò sì wọ nǹkan kan. Bolitho fẹ́ yà á sórí kéèkì bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

"Nínú gbọ̀ngàn ìjọ?" ni Àlùfáà béèrè.

"Iṣẹ́ ọnà ni."

"Ìhòòhò ni, Ọ̀gbẹ́ni Bolitho. Àwọn Ìyá Ìjọ ló máa gé kéèkì náà."

Wọ́n yí sí mi, èmi tí mo ni àmì-ẹ̀yẹ, pé kí n dá ẹjọ́. Mo ní kí wọ́n fi nǹkan bo Òtítọ́. Báyìí ni Bolitho ṣe fi ṣúgà funfun rán ẹ̀wù fún un láti ọrùn dé kókósẹ̀, ó tún fún un ní épírọ́ọ̀nù. Nígbà tó parí, Òtítọ́ jọ ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán ni. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n na aṣọ gígùn kan sára ògiri: PORTHCARROW KÍ MISS CARVETH KÚ ORÍIRE. Rédíò wà lórí tábìlì, kéèkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì, ẹ̀gbà ọrùn ìyá wa wà lọ́rùn mi. Loveday wà nídìí tábìlì kejì, ó wọ épírọ́ọ̀nù, ó ń fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní sáfúrọ́ọ̀nù fún àwọn àlejò mi.

Mo ti ṣírò rẹ̀ tán lọ́kàn mi. Rédíò á ní "Miss Carveth ti Porthcarrow". Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, ariwo á bo ìyókù. Tí a bá délé, màá sọ fún Loveday jẹ́jẹ́, òun náà á sì rí i pé ó ti pẹ́ jù láti yí i padà.

Bolitho yí rédíò sókè. Obìnrin tó ń ka ìròyìn sọ ti ojú ọjọ́, ó sọ ti ọkọ̀ ojú irin tí kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Àmì-Ẹ̀yẹ Wúrà Ọba fún Ewì ti bọ́ sí ọwọ́ Loveday Carveth, olùkọ́ kẹ́mísírì tó ti fẹ̀yìn tì ní Porthcarrow, fún ìwé rẹ̀ *Iyọ̀ Lára Fèrèsé*."

Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́. Àtẹ́wọ́ náà kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ṣi orúkọ pè," ni Bolitho wí. "Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kì í tẹ́tí."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́," ni Àlùfáà wí.

Obìnrin orí rédíò ní òun yóò ka ewì kan láti inú ìwé náà. Ó kà á:

*Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ Bàbá kò padà,*
*ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà,*
*ó ní, "Àwọ̀n ni Bàbá ń tún ṣe. Lọ sùn."*
*Mo sùn. Irọ́ náà móoru, ó bò mí dé ẹsẹ̀.*
*Òun nìkan ló jókòó ti òkun títí ilẹ̀ fi mọ́.*
*Mo ti dàgbà báyìí, mo ti mọ ohun tí òkun ṣe.*
*Síbẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n lọ sùn,*
*mo ń sùn.*

Mo rántí alẹ́ yẹn. N kò mọ̀ pé Loveday náà rántí. Ọmọ kékeré ni nígbà náà. Mo ti rò pé ó gba irọ́ náà gbọ́, kò sì mọ̀ nígbà kankan pé irọ́ ni.

Loveday ti dá ọ̀bẹ dúró sínú búrẹ́dì.

"Ewì mi nìyẹn," ló wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ lójú títì tí kò retí rẹ̀ níbẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo rí i bí ó ṣe ń tò ó pọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe gbogbo nǹkan.

"Àwọn tó ń ta fèrèsé," ló wí.

Mo ní, "Àwọn ni."

Petrok kò gbọ́ ọ yé. "Thirza, kí ló ń sọ? Fèrèsé wo?"

Mo sọ fún wọn. N kò rí ọgbọ́n mìíràn dá. Mo ní òun ni wọ́n pè, èmi ni mo dáhùn, mo sì mọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ "mo sì mọ̀" yẹn jáde bí ẹni tó ń pọ eegun ẹja. Loveday bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde.

Ẹ máa rò pé ìlú yóò sọ mí lókùúta. Wọn kò ráyè. Bolitho ti ń wo aṣọ ara ògiri.

"A dúpẹ́ pé a kò kọ orúkọ àkọ́kọ́ síbẹ̀," ló wí. "Miss Carveth ni Miss Carveth ń jẹ́. Ẹnikẹ́ni má tú u." Ó yíjú sí Àlùfáà. "Mo sì ti ń sọ fún ìyàwó mi látọjọ́ pípẹ́ pé Loveday gan-an ni."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Petrok ti gbàgbé mi. Ó ti ń sáré tẹ̀ lé Loveday lọ sí òde, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Miss Loveday, ṣé ẹ máa wá ka ewì wákàtí kan fún ẹgbẹ́?" Mo sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀: "Ìlà mẹ́jọ ni, Petrok. O ti gbọ́ ọ tán."

Àwọn Ìyá Ìjọ gé kéèkì. Wọn kò ní fi í ṣòfò. Ẹnì kan gbé èyí tó kàn mí fún mi, ẹsẹ̀ Òtítọ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, pẹ̀lú etí ẹ̀wù rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo dì í mú. N kò jẹ ẹ́, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Nígbà tí mo délé, Loveday wà ní ìdáná. Mo bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, mo gbé e síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Bínú sí mi," ni mo wí. "Pariwo."

"Màá bínú tó bá yá. Mo ṣì ń rò ó."

"Wúrà náà á dé ọwọ́ rẹ. Kò sí ohun tó bàjẹ́."

"Wúrà kọ́, Thirza. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo fi ń lọ sókun tí mo ń bọ̀ láàárín ìgbà yẹn? Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ó yẹ kí n máa lúwẹ̀ẹ́ kí n máa rò ó pé ẹnì kan ka ohun tí mo kọ. O gba ìyẹn. Kò sí ẹni tó lè dá a padà."

Mo fa àga, mo jókòó.

"Mo tún bá ọ yọ̀," ló wí. "Mo dé ìbòrí tíì sórí. O jẹ́ kí n ṣe é." Ó wò mí. "Ṣé o tiẹ̀ ti ka ìwé mi rí?"

Mo lè purọ́. Ó ti mọ́ mi lára nígbà yẹn. Mo ní, "Rárá."

Ó mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó kàn fẹ́ gbọ́ ọ létí. Ó dìde, ó gòkè lọ.

A gbé inú ilé kan náà bí àlejò méjì fún ìgbà pípẹ́. Ó ń se tirẹ̀, mò ń se tèmi. Ó lọ sí ààfin, kò ní kí n sìn ín dé ibùdókọ̀. Nígbà tó dé, mo béèrè bó ṣe rí. Ó ní, "Wọ́n fara balẹ̀ sí mi," ó sì lọ sí yàrá rẹ̀. Àwọn ará ìlú ló sọ ìyókù fún mi, wọ́n sì sọ ọ́ tìdùnnú-tìdùnnú.

Ẹgbẹ́ Akéwì ní kí n fi ipò sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Wọ́n wá rí i pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ máa gba gbọ̀ngàn, tó fẹ́ máa to àga, tó fẹ́ máa fọ ife. Petrok wá bá mi, ojú ń tì í. Ó ní ìgbìmọ̀ ti ro ọ̀rọ̀ mi dáadáa, wọ́n sì ti dárí jì mí dé ibi àga àti ife. Ewì kò sí nínú ìdáríjì náà. Mo gbà.

Páì Bolitho ṣì ń jẹ́ Akéwì Ọba. Àwọn àjèjì máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Wọn kì í béèrè ìwé.

Ní ti èmi, mo gbé ìkòkò òdòdó kúrò, mo nu ìwé náà, mo jókòó, mo kà á. Mo ka èkejì. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìlara tó ń jẹ́ ká jí nǹkan ẹni ẹlẹ́ni burú, ẹnu gbogbo ayé ló kò lé e lórí. Àmọ́ mo rí i pé èyí tó burú jù ú lọ ti wà nínú ilé wa tipẹ́ kí fóònù tó dún: èmi tí mo ń bínú pé ayé kò ka tèmi, n kò ka ti ẹni tí a jọ ń mu tíì láàárọ̀. Ẹ wo inú ilé yín. Ẹni tí ẹ kò tíì tẹ́tí sí wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, mo ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́ nígbà tí Loveday wọlé sí ìdáná. Bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jókòó sí àyè tó ti máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó.

"Ewì tuntun ni," ló wí. "Má rò pé nípa rẹ ni. Nípa ajá Bolitho ni."

"Mo gbọ́."

Ó kà á. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ ewì, bí ẹlòmíràn bá ń ka tirẹ̀, èyí tí èmi yóò kà tẹ̀ lé e ni mo máa ń rò lọ́kàn. N kò rò ó lọ́jọ́ náà. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, ọ̀dùnkún wà lọ́wọ́ mi kejì, mo sì rí ajá náà, àgbàlagbà ajá, bó ṣe ń dúró de ilẹ̀kùn tí wọ́n ti gbàgbé láti ṣí.

Loveday gbé bébà náà sílẹ̀. Kò wò mí lójú.

"Kí lo rò sí i?"

Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mo lè sọ. Èmi ni mo fi ọdún púpọ̀ ṣe alága.

"Tún un kà," ni mo wí.